Lẹ́tà sí Ọmọ Mi Lórí Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Náà, "Nice"

Kábà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Okun o. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà ní Lọ́kọ́ja. Ara gbogbo wa le níbí, bàbá rẹ sì ní kí n kí ọ.

Ìyá rẹ kékeré tó wà ní Ìsánlú ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ẹ̀yin méjèèjì fún mi. Ó ní òun kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, òun sì pè ọ́ ní "nice girl", ṣùgbọ́n o dá òun lóhùn pé kí òun má pè ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí pé òmùgọ̀ ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ó dùn mí pé àgbà dúpẹ́, tí ọmọdé sì wá ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe fún un. Jọ̀wọ́, pè é kí o tọrọ àforíjì. Síbẹ̀, kì í ṣe nítorí ìwà nìkan ni mo ṣe ń kọ̀wé sí ọ. Iṣẹ́ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi tọ́ yín dàgbà, mo sì rí i pé òótọ́ ni ohun tí o kà, àmọ́ o lò ó níbi tí kò yẹ.

Inú èdè Látìn ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà. Scire ni wọ́n ń pe "láti mọ̀", ara rẹ̀ náà ni science ti yọ. Nígbà tí wọ́n fi ne, tí í ṣe "kò", síwájú rẹ̀, wọ́n rí nescius, èyí tí í ṣe aláìmọ̀. Àwọn Faransé gbà á, wọ́n gé e kúrú di nice, wọ́n sì ń fi í pe ẹni tí kò gbọ́n. Lẹ́nu wọn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1300. Bí o bá pàdé nyce nínú ewì Chaucer, ẹni tí ó kú ní ọdún 1400, òmùgọ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wá sí ọ lọ́kàn. Títí dé ibí yìí, o kò ṣìnà rárá.

Àmọ́ o dúró níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì dúró. Àwọn tí ń sọ ọ́ fi pe ẹni tí ń ṣe àṣejù nínú aṣọ àti fàájì. Wọ́n fi pe onítìjú. Wọ́n fi pe ẹni tí nǹkan kì í tètè tẹ́ lọ́rùn, tí yóò máa ṣa oúnjẹ, tí yóò sì máa ṣa aṣọ. Láti ara ẹni tí ń ṣà bẹ́ẹ̀ ni ó ti kọjá sí ara ẹni tí ń yẹ nǹkan wò fínnífínní, tí ojú rẹ̀ ń tó ìyàtọ̀ kékeré tí ojú ẹlòmíràn kò tó. Mo fẹ́ kí o ronú sí èyí dáadáa, nítorí ó máa ń yà mí lẹ́nu títí di òní: ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bú aláìmọ̀kan wá di ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń yin ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀. Nígbà tí Samuel Johnson gbé ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní ọdún 1755, ìtumọ̀ ti fínnífínní yìí ni ó fi ṣíwájú. Ó ṣì wà láàyè. Bí olùkọ́ rẹ bá sọ pé "a nice distinction", ìyàtọ̀ tó tín-ínrín tó sì gba àròjinlẹ̀ ni ó ń sọ, kì í ṣe ìyàtọ̀ tó dùn mọ́ ọn. Ìdajì kejì ọ̀rúndún kejìdínlógún ni wọ́n tó ń fi ọ̀rọ̀ náà pe ohun tó dára tó sì dùn mọ́ni, ti onínúure sì tẹ̀ lé e ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nice tí í ṣe ìlú etíkun ní ilẹ̀ Faransé kò bá a tan rárá. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó jẹ mọ́ ìṣẹ́gun ni ti ìlú yẹn.

Kì í ṣe ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò fi ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí dá ẹlòmíràn lẹ́kun. Nínú Northanger Abbey, ìwé Jane Austen tó jáde ní ìparí ọdún 1817 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Henry Tilney fi ọ̀dọ́bìnrin kan ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó pe ìwé kan ní nice. Ó ní kò sí ohun tí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ náà pè mọ́, nígbà tó jẹ́ pé bóyá ohun tó mọ́ tónítóní, tó sì yẹni, nìkan ni wọ́n ń lò ó fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ó pè ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀, nítorí òmùgọ̀ tìrẹ ti wà ṣáájú ìyẹn. Ìwọ náà ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé èyí tó pẹ́ jù ni ojúlówó, kí ló dé tí o dúró sọ́dọ̀ àwọn Faransé, tí o kò padà dé ọ̀dọ̀ Látìn? Tún wo silly, tó ti inú gesælig wá nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ aláyọ̀ àti alábùkún. Bí ẹnìkan bá pè ọ́ ní silly lónìí, mo mọ̀ pé o kò ní dúpẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé wa níbí. Okun tí mo fi kí ọ lókè, ìkíni ni. Lónìí, òun ni orúkọ tí a fi ń pe gbogbo wa, àti Yàgbà, àti Ìjùmú, àti Òwé, àti Bùnú, àti Ọ̀wọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sọ fún wa pé orúkọ wa kì í ṣe orúkọ nítorí pé ìkíni ni tẹ́lẹ̀, a kò ní dá a lóhùn. Àwọn tí ń sọ èdè ni wọ́n ń fún ọ̀rọ̀ ní ìtumọ̀, àdéhùn wọn lónìí sì ni ìyá rẹ kékeré fi bá ọ sọ̀rọ̀.

Tilney jàre níbì kan ṣá. A ti lo nice dé ibi tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ohunkóhun mọ́ nínú ìwé, mo sì rí i pé ó pọ̀ jù nínú àwọn àròkọ tí o fi hàn mí. Bí ènìyàn bá ní sùúrù, kọ ọ́ pé ó ní sùúrù. Bí ọjọ́ bá tutù tí atẹ́gùn sì ń fẹ́, sọ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí òfin yìí wà fún ìwé tìrẹ, má fi mú ẹni tó ń kí ọ.

Nígbà tí o bá sì ń ka ìwé àtijọ́, kọ́kọ́ wo ọdún tí wọ́n kọ ọ́ kí o tó yan ìtumọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìwé ọ̀rúndún kẹrìndínlógún àti ìkẹtàdínlógún pàápàá, ó máa ń ṣòro fún àwọn onímọ̀ láti mọ èwo nínú ìtumọ̀ wọ̀nyí ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn, nítorí náà, má yára. Lọ wo Oxford English Dictionary ní ilé ìkàwé yín, nítorí ó to ìtumọ̀ bí wọ́n ti jáde ní ọdún sí ọdún. Bí o bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ kíláàsì rẹ, fi ọdún sí ẹ̀gbẹ́ ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí o sì fi ránṣẹ́ sí mi kí n kà á kí o tó fi lé wọn lọ́wọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.