Lẹ́tà ẹ̀sùn lórí máàpù Odò Ọya tí ẹ tà fún mi

Ebúté-Mẹ́ta,
Èkó.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka tó ń ta máàpù àti ètò ìrìnàjò ojú omi,
Marina, Èkó.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

MÁÀPÙ ODÒ ỌYA, LỌ́KỌ́JA SÍ ONITSHA

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni oníbàárà tó ra máàpù Odò Ọya, láti Lọ́kọ́ja dé Onitsha, ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Marina. Mo tún sanwó lọ́tọ̀ fún ìwé ètò ìrìnàjò tí ẹ bá mi ṣe, láti Lọ́kọ́ja dé Ìdá, àlọ àti àbọ̀. Ẹ̀dà rìsíìtì méjèèjì wà nínú àpò ìwé yìí, pẹ̀lú fọ́tò àwọn ojú ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo ti pè yín lórí fóònù, mo sì ti fi ẹsẹ̀ ara mi wá. Èsì kan ṣoṣo tí mo gbà ni pé kí n lọ tún GPS mi ṣe. Kò sí ohun tó ṣe GPS mi, n ó sì fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn yín. Máàpù yín ló léwu.

Èmi, àbúrò mi ọkùnrin àtàwọn ọmọ mi méjì la wà nínú ọkọ̀ fáíbà wa nígbà tí a gun orí yanrìn nísàlẹ̀ Àjàókúta, lójú ibi tí máàpù yín kọ 6 sí gan-an. Ìdí ọkọ̀ wa kì í wọ omi tó mítà kan. Nígbà tí àbúrò mi bọ́ sílẹ̀ láti tì wá, omi ibẹ̀ kò dé orúnkún rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ìdí rẹ̀ gbá ilẹ̀, pùròpẹ́là tẹ̀, ọmọ mi obìnrin fò kúrò níbi tó jókòó sí, ó sì fi èjìká gbá etí ọkọ̀. Láífù jákẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ ni kò jẹ́ kí egungun ìhà rẹ̀ kán. A dúpẹ́ pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní odò gbé e ni, lẹ́tà mìíràn ni ẹ̀ bá máa kà, kì í sì í ṣe èmi ni ǹ bá kọ ọ́.

Apẹja kan tó ń bọ̀ láti ìhà Ìtòbé ló rí wa. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Kò ní máàpù, kò ní GPS. Ọ̀pá ọparun gígùn kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó fi ń gún ilẹ̀ odò bó ṣe ń bọ̀. Ó so okùn mọ́ ọkọ̀ wa, ó fà wá kúrò. Ó fi hàn mí pé ibi tí ojú omi bá ti ń ru wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìsí atẹ́gùn, yanrìn ò jìnnà sí ojú omi níbẹ̀. Ó ní tí odò bá ti yí kọ́nà, ẹ̀gbẹ́ ìta, níbi tí bèbè ti ga tó sì dúró ṣánṣán, ni omi ti máa ń jìn. Ẹ̀gbẹ́ inú ni odò máa ń da yanrìn sí. Mo tún wo máàpù yín lójú ẹ̀. Ìlà pupa tí ẹ fà gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ inú kọ́nà yẹn ló gbà kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí jù. 6 wo ni? Lójú ìwé kìíní, ẹ kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ bàtà lẹ fi wọn jíjìn omi. Láti ojú ìwé kejì lọ, kò sí àkọlé kankan mọ́. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà kò pé mítà méjì, mítà mẹ́fà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ẹsẹ̀ bàtà. Ẹsẹ̀ bàtà ni ẹni tó ń ka ojú ìwé kìíní yóò rò, mítà ni ẹni tó ń ka ètò ìrìnàjò yóò rò, nítorí mítà ni ètò náà ń pè. Ẹni tó lọ ra aṣọ ní Balógun, tí wọ́n sọ fún un pé mẹ́fà ló kù, yóò bèèrè bóyá yáàdì mẹ́fà ni àbí bọ́ńdù mẹ́fà kó tó yọ owó. Lórí omi, kò sẹ́ni tí èèyàn máa bi. Ohun tó bá wà lórí ìwé ni.

Ká tiẹ̀ ní ẹ kọ mítà síbẹ̀, ó ṣì ku ìbéèrè tó tóbi jù: mítà mẹ́fà nígbà wo? Odò Ọya kì í dúró lójú kan. Ní Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Bẹ́núè ti wọ inú rẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín omi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti omi ìgbà tí odò bá kún lè ju mítà mẹ́fà lọ. Ibi tí ọkọ̀ ńlá lè gbà kọjá ní oṣù kẹsàn-án lè di ibi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní oṣù kẹta. Nítorí náà, jíjìn tí wọ́n bá kọ sórí máàpù odò láìsọ pé ìwọ̀n omi báyìí ló wà lára òpó ìwọn omi ní Lọ́kọ́ja lọ́jọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá mọ iye tó wà lára òpó lọ́jọ́ tí ẹ wọn tiyín, tí mo sì mọ tòní, n ó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, n ó fi ìyàtọ̀ náà tún jíjìn tó wà lórí máàpù ṣe, n ó sì mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ mi. Ẹ ò kọ ọ́ sójú ìwé kankan.

Ohun tí ẹ fi rọ́pò rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Lẹ́yìn ìwé ètò Lọ́kọ́ja, ẹ tẹ tábìlì tó ń sọ àkókò tí omi òkun máa kún àti àkókò tó máa fà ní èbúté Èkó! Ẹ̀yin ọ̀gá mi, omi òkun tó ń gba Commodore Channel wọlé sí ọ̀sà wa kò dé Lọ́kọ́ja. Agbègbè ẹnu odò, nísàlẹ̀ pátápátá, ló mọ. Lọ́dọ̀ wa níbí, omi a máa kún, a sì máa fà lójúmọ́, ìyàtọ̀ rẹ̀ ní èbúté sì wà ní nǹkan bíi mítà kan, ó tún ń dín kù bí èèyàn bá ṣe ń wọ inú ọ̀sà lọ sí ìhà Ìkòròdú. Odò Ọya, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń ní kíkún ńlá tirẹ̀. Ó hàn gbangba pé máàpù ọ̀sà Èkó lẹ mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ wá gbé ọ̀nà rẹ̀ lé odò lórí. Máàpù ọ̀sà yín dára, mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, òun ni mo ń gbé lọ sí Badore àti Ẹ̀pẹ́, kò sì tíì já mi kulẹ̀. Ìdí tí mo fi gbà yín gbọ́ nìyẹn.

Ẹ tún gbà mí nímọ̀ràn nínú ètò náà pé oṣù kẹta ló dára jù nítorí pé òjò kì í rọ̀. Òótọ́ ni pé òjò kì í rọ̀. Ṣùgbọ́n odò ni mo fẹ́ fi ọkọ̀ gbà, kì í ṣe títì, ìgbà tí òjò ò sì rọ̀ ni omi ń gbẹ. Omi tó ń kún láti oṣù kẹjọ dé oṣù kẹwàá, omi òjò ilẹ̀ wa ni, ó sì máa ń dọ̀tí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni omi tó ti orí òkè Guinea ṣàn wá, tó gba Mali àti Niger kọjá, ń dé díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ jìn, odò náà ju 4,000 kìlómítà lọ. Ìsédò Kainji, tí wọ́n parí ní 1968, tún ń pinnu iye tó ń sọ̀kalẹ̀. Bó bá fi di oṣù kẹta, omi ti wálẹ̀ gan-an nísàlẹ̀ Lọ́kọ́ja. Kì í ṣe ìmọ̀ tuntun. Nígbà tí Ajàyí Crowther bá ọkọ̀ Pleiad gun odò yìí lọ ní 1854, ìgbà tí omi ń kún ni wọ́n wọlé, wọ́n sì ti jáde kí ọdún tó parí. Àwọn tó ṣètò ìrìnàjò yẹn ò ní GPS, wọ́n sì mọ ohun tí ètò yín ò mọ̀.

Ẹ kọ "Àtúnṣe Tuntun" sí èèpo máàpù náà, ẹ ò kọ ọdún. Mo wá ọdún náà fúnra mi. Afárá Onitsha ti 1965 wà lórí rẹ̀. Afárá kejì tí wọ́n ṣí ní 2023 kò sí níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tó bá ń sọ̀kalẹ̀ kọjá Onitsha gbọ́dọ̀ gba abẹ́ òpó rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìsàlẹ̀ odò náà ní 2009, láti Warri dé Baro, 572 kìlómítà, ìkún omi 2012 ti kọjá lórí rẹ̀, ti 2022 náà ti kọjá. Ìkún omi tó ń gbé ilé lọ, ṣé yanrìn ni kò ní gbé? Òkìtì kan á lọ, òmíràn á hù síbòmíràn. Máàpù tí kò sọ ọdún tí wọ́n wọn ilẹ̀ odò, ẹni tó rà á kò lè mọ̀ bóyá ṣáájú ìkún omi ni àbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti GPS tí ẹ ní kí n lọ tún ṣe, ẹ gbọ́ ohun tí mo rí. Nígbà tí a wà lábẹ́ afárá Ìtòbé gan-an, tí òjìji rẹ̀ bò wá mọ́lẹ̀, máàpù yín orí ẹ̀rọ gbé wa sí bíi 100 mítà sí ẹ̀gbẹ́ afárá. Nígbà tí a dé Èkó, mo gbé GPS kan náà sínú ọkọ̀, mo fi máàpù ọ̀sà yín sí i, mo lọ sábẹ́ Afárá Carter, ó sì bọ́ síbẹ̀ géérégé. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ kò ní mọ Èkó kó má mọ Ìtòbé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Minna Datum, ìpìlẹ̀ ìwọn ilẹ̀ tí àwọn awọnlẹ̀ wa ti ń lò tipẹ́ láti fi sọ ibi tí nǹkan wà, ni wọ́n fi ya máàpù odò náà, GPS sì ń lo ìpìlẹ̀ mìíràn tó ń jẹ́ WGS 84. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì lórílẹ̀-èdè wa wà ní nǹkan bíi 100 mítà. Iṣẹ́ yín ni láti yí i padà kí ẹ tó tà á, tàbí kí ẹ kọ ọ́ sí etí ìwé ní lẹ́tà tó tóbi. Lórí òkun, 100 mítà lè má pa ẹnikẹ́ni lára. Nínú odò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojú ọ̀nà ọkọ̀ lè má fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìṣirò epo náà kò dára. Ẹ pín jíjìn ọ̀nà sí méjì dọ́gba, ẹ ní iye epo tí a bá fi lọ la máa fi bọ̀. Ẹ gbàgbé pé omi ń ṣàn. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 12 ní wákàtí kan, bí omi bá ń ṣàn ní kìlómítà 4, kìlómítà 16 ni yóò máa sá bó bá ń sọ̀kalẹ̀, 8 péré bó bá ń gòkè bọ̀. Fún 80 kìlómítà, wákàtí 5 ni àlọ, wákàtí 10 ni àbọ̀. Tí omi bá dúró jẹ́ẹ́, àlọ àtàbọ̀ kò ní pé wákàtí 14. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ètò yín yóò sọ̀kalẹ̀ tayọ̀tayọ̀, kẹ́ẹ̀gì epo rẹ̀ yóò sì gbẹ nígbà tó bá ń gòkè, ní ibi tí kò sí ilé epo létí odò, tí ilẹ̀ sì ń ṣú lọ. Àfikún kẹ́ẹ̀gì tí àbúrò mi takú pé a gbọ́dọ̀ gbé ló mú wa padà dé Lọ́kọ́ja.

Ẹ dá owó máàpù àti owó ètò ìrìnàjò náà padà fún mi, kí ẹ sì san owó pùròpẹ́là tuntun. Rìsíìtì mẹkáníìkì wà nínú àpò ìwé yìí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló ká mi lára jù. Nígbà tí mo wá sí ṣọ́ọ̀bù yín kẹ́yìn, máàpù náà ṣì wà lórí pẹpẹ, ọkùnrin kan sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mo sọ ohun tí ojú mi rí fún un lójú àwọn òṣìṣẹ́ yín, ó sì dá a padà síbẹ̀. Mi ò lè dúró sẹ́nu ọ̀nà yín lójoojúmọ́. Ẹ kó o kúrò lórí pẹpẹ lónìí. Ẹ ní nọ́ḿbà fóònù gbogbo ẹni tó ti rà á, nítorí ẹ gba tèmi kí ẹ tó kọ rìsíìtì. Ẹ pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má gbé e lọ sójú odò. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ òmíràn, ọdún tí wọ́n wọn odò, iye omi tó wà lára òpó Lọ́kọ́ja lọ́jọ́ náà, datum tí wọ́n lò, àti bóyá mítà ni tàbí ẹsẹ̀ bàtà gbọ́dọ̀ wà lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ sì yọ tábìlì omi òkun Èkó kúrò nínú rẹ̀.

Mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì láti fi ìwé dá mi lóhùn, kì í ṣe lórí fóònù. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, n ó kó ẹ̀dà lẹ́tà yìí àti gbogbo fọ́tò wọ̀nyí lọ sí àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, n ó sì kó òmíràn lọ fún àjọ tó ń bójú tó ojú omi inú ilẹ̀, tí orílé-iṣẹ́ wọn wà ní Lọ́kọ́ja níbẹ̀.

Èmi ni,
Oníbàárà yín láti Ebúté-Mẹ́ta