Ìtọ́jú tí kò bọ́ sí i ló ń ba ìwé ìdílé wa jẹ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda àyè díẹ̀ fún wa nínú ìwé ìròyìn yín, ká fi bá àwọn ará Abẹ́òkúta sọ̀rọ̀ nípa ìwé, fọ́tò àti kásẹ́ẹ̀tì tó wà nínú àpótí ní agbo ilé wa, láti Aké dé Òkè-Ọnà, láti Gbágùrá dé Òwu. Ìtọ́jú ìwé niṣẹ́ wa. Lóòótọ́, ikán àti eku ń jẹ ìwé, ṣùgbọ́n èyí tí ọmọ onílé fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà jẹ́, níbi tó ti rò pé òun ń tọ́jú rẹ̀, ti pọ̀ débi pé a ò lè dákẹ́ mọ́. Ẹni tó fẹ́ràn ìwé bàbá rẹ̀ jù nínú ẹbí ló sábà máa ń sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ oníláminéètì.

Ẹ má ṣe láminéètì ìwé àtijọ́. Ooru ni ẹ̀rọ náà fi ń yọ́ ọ̀rá mọ́ bébà, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè ṣí i kúrò láìfa ìwé ya. Ásíìdì tó ti wà nínú bébà látilẹ̀ á máa jẹ ẹ́ lọ lábẹ́ ọ̀rá tó ń dán. Ìwé ilẹ̀ tí àwọn baba wa tẹ ìka sí, bí wọ́n bá ti láminéètì rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ kan bébà náà gan-an láti yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Rìsíìtì POS tiẹ̀ tún burú jù: ooru ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ẹ̀rọ láminéètì á sọ gbogbo rẹ̀ di dúdú. Bí ẹ kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ á parẹ́ láàárín ọdún díẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá gbà á ni kí ẹ ti ṣe fọ́tòkópì rẹ̀.

Sẹ́lótéèpù náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á pọ́n, á wọnú bébà, ọ̀rá òkè á ṣí dànù, àbàwọ́n á sì jókòó sórí ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kà. Bí ìwé bá ya, ẹ kó ègé rẹ̀ pa pọ̀ sínú àpò ọ̀rá tó mọ́ gaara, tí kò ní òórùn. Èyí tó bá ń rùn bí rọ́bà tuntun, ọ̀rá PVC ni, ó máa ń tú ásíìdì jáde. Bó bá di dandan ká lẹ ìwé, sítáàṣì àlìkámà tí a sè kó ṣàn, pẹ̀lú bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, la fi ń lẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn. Ẹ má lọ tọrọ ẹ̀kọ aládìrẹ ní Ìtòkú o. Álọ́ọ̀mù tí wọ́n sè mọ́ ọn wúlò fún aṣọ, ṣùgbọ́n ásíìdì ló jẹ́ fún bébà.

Pín-ìn tó ti dógùn-ún lára ìwé, ẹ má fi agbára fà á. Ẹ da ojú ìwé délẹ̀, ẹ ki ègé ọ̀rá líle tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ẹsẹ̀ pín-ìn àti bébà, kí ẹ fi ọ̀bẹ tí kò mú gbé ẹsẹ̀ méjèèjì nàró lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ìwé padà, kí ẹ rọra yọ ọ́ láti iwájú. Ìwé ìròyìn tí ẹ gé pamọ́, ẹ má jẹ́ kó fara kan fọ́tò; ásíìdì inú bébà rẹ̀ pọ̀, ó máa ń pa ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láró.

Ní ìlú yìí ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn ní 1859, tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Nígbà tí Ìfọ́lé, ìyẹn rògbòdìyàn tí wọ́n fi lé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó kúrò nílùú, ṣẹlẹ̀ ní 1867, ó dáwọ́ dúró. A mọ bí ìwé ṣe ń ṣòfò. Ìwé tí Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó jọ, tó wà ní ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, wà lára ohun tí àwọn òpìtàn fi rí ìtàn àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tó kọ owó orí ní 1947 kọ. Ìwé tí wọ́n kọ nígbà tí Ẹ̀gbá ń ṣèjọba ara rẹ̀, láàárín 1898 sí 1914, ṣì lè wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹnì kan títí di àárọ̀ yìí. Àárín ikú àgbà àti ọjọ́ ìnáwó, tí wọ́n bá ń palẹ̀ ilé mọ́ tí wọ́n sì ń kun ún, ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń bá pàǹtí lọ. Kí àwọn akunlé tó dé, kí ẹbí yan ẹnì kan tí yóò gbé àpótí náà kúrò nílẹ̀, tí kò ní jẹ́ kí wọ́n da ohunkóhun nù títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ibo ni kí ẹ gbé e sí? Kì í ṣe òkè àjà lábẹ́ páànù, nítorí ooru, kì í sì í ṣe orí sìmẹ́ńtì, nítorí sìmẹ́ńtì ń fa omi sókè. Yàrá àárín ilé ló dára, kí àpótí ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀, kó má sì fara ti ògiri. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí bu, ìgbà òjò tiwa sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹ máa ṣí àpótí lóṣooṣù, kí ẹ wo ẹ̀yìn àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá ikán ti ń la ọ̀nà. Ẹ má da káńfọ̀ sáàárín fọ́tò, ẹ má sì fọ́n ọta-pia-pia sára ìwé.

Bí omi bá wọlé, bí àwọn tó ń gbé lẹ́bàá Odò Ògùn àti Ṣókórì ṣe mọ̀, wákàtí 48 péré lẹ ní kí ìwé tó bẹ̀rẹ̀ sí bu. Ẹ má sá a sóòrùn. Á ká, ojú ìwé á sì lẹ̀ mọ́ra. Ẹ tẹ́ ẹ sí ìbòòji, ẹ fi tíṣù sáàárín ojú ìwé, kí fáànù máa fẹ́ sínú yàrá, kó má dojú kọ ìwé. Bó bá pọ̀ ju ọwọ́ lọ, ẹ dì í sí ọ̀rá, ẹ kó o sínú fíríìsà, kí ẹ máa yọ díẹ̀díẹ̀. Fọ́tò tó ti gbẹ mọ́ gíláàsì, ẹ má ṣí i rárá. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ láti orí gíláàsì náà.

Fọ́tò tí kò ní orúkọ ló ń dùn wá jù. Ẹ fi pẹ́ńsùlù rírọ̀ kọ ọ́ sẹ́yìn, létí, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú; bíró á yọ síwájú, yíǹkì rẹ̀ á sì ràn mọ́ fọ́tò kejì. Ẹ to orúkọ láti òsì sí ọ̀tún. “Màmá Ṣadé” kò tó, “Bàbá Ìtòkú” kò tó, nítorí wọ́n lè tó mẹ́ta nínú ẹbí kan ṣoṣo. Ẹ kọ orúkọ àbísọ, oríkì, agbo ilé, ọkọ tàbí aya, àti ayẹyẹ tí wọ́n ń ṣe. Bí ẹ kò bá mọ ọdún, ẹ bi àwọn àgbà nípa aṣọ ẹbí tó wà lọ́rùn wọn. Wọ́n sábà máa ń rántí òkú tàbí ìgbéyàwó tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á. Fọ́tò ìgbàlódé tó ń dán kì í gba pẹ́ńsùlù, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sórí àpò ìwé kí ẹ tó ki fọ́tò bọ inú rẹ̀. Álúbọ́ọ̀mù tó ní lẹ́ẹ̀ lójú ewé, ẹ yọ fọ́tò kúrò níbẹ̀ nígbà tó ṣì ń ṣeé yọ. Nẹ́gátíìfù náà, ẹ má dà á nù, òun ni wọ́n fi ń tún fọ́tò fọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀rọ síkánà dà á kọ, 300 dpi (ìyẹn iye àmì kékeré tí ẹ̀rọ ń yà nínú ínṣì kan) tó fún ìwé, 600 fún fọ́tò, 1200 fún pásípọ́ọ̀tù kékeré. Fóònù náà lè ṣe é, lẹ́bàá fèrèsé, láìtan iná fóònù. Ṣùgbọ́n WhatsApp máa ń fún àwòrán pọ̀. Ẹ lọ síbi “Document” kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Kí ẹ̀dà jẹ́ mẹ́ta, sórí oríṣi ohun èlò méjì, kí ọ̀kan wà ní ìlú mìíràn. Kásẹ́ẹ̀tì tí ohùn òbí yín wà nínú rẹ̀, ẹ ṣẹ́ eyín kékeré méjì tó wà lórí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má gba nǹkan mìíràn lé e, kí ẹ sì tètè wá ẹni tí yóò dà á sí WAV, irú fáìlì ohùn orí kọ̀ǹpútà, nítorí ẹ̀rọ tó ń lò ó ti ń tán nígboro.

Ó ku ìwé ẹgbẹ́: ìwé ìpàdé, ìwé èésú, àkọsílẹ̀ àjọ ọjà. Ilé akọ̀wé ni wọ́n máa ń wà, ìgbà tí akọ̀wé bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ pé ti ẹgbẹ́ ni. Kí ẹgbẹ́ kọ “Ohun ìní ẹgbẹ́” gàdàgbà sí ewé àkọ́kọ́ inú ìwé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ náà. Lọ́dọọdún, kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ wá sí ìpàdé, kí wọ́n kà á lójú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí alága àti akọ̀wé sì fọwọ́ sí iye tó wà.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwọn olùtọ́jú ìwé,
Abẹ́òkúta.