Oúnjẹ tí edé ò jẹ ló ń gbé èrè lọ

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ gbé jáde lórí ọ̀sìn edé, inú mi dùn gan-an pé ẹ dá sí i, ṣùgbọ́n ibi tẹ́ ẹ ti ní tèèyàn bá fẹ́ jèrè sí i kó ṣáà kó ọmọ edé púpọ̀ sí i sínú pọ́ńdù, ibẹ̀ yẹn ò bá mi lára mu rárá, torí ó lè kó bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Oúnjẹ ló ń gbówó jù nínú iṣẹ́ yìí, ó máa ń tó ìdajì gbogbo owó téèyàn ná, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Edé kì í sì í gbé oúnjẹ mì wàràwàrà bí ẹja, ńṣe ló máa fẹsẹ̀ dì í mú, táá máa họ ọ́ jẹ díẹ̀díẹ̀, kó tó jẹ ẹ́ tán omi ti fa lára ohun tó ń ṣara lóore jáde nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá da tọjọ́ kan sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ á rì sísàlẹ̀, á jẹrà, á di amóníà tó jẹ́ májèlé fún edé, á tún máa lo ọ́síjìn tó yẹ kí edé fi mí. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, kẹ́ ẹ bu díẹ̀ sínú tíréè tí wọ́n ń sọ̀ sínú omi. Tó bá di wákàtí kan sí méjì ẹ fà á sókè: tí oúnjẹ bá ṣẹ́ kù, ẹ dín in kù, tó bá mọ́ tónítóní, ẹ fi díẹ̀ kún un. Ẹ wo ìfun edé tó bá bá tíréè jáde náà, ìlà tó gba ẹ̀yìn ẹ̀ yẹn, tó bá kún láti orí dé ìrù ó ń jẹun dáadáa nìyẹn, tó bá ń já lójú ọ̀nà tàbí tó funfun, ẹ tètè wá ohun tó ń ṣe é.

Ẹni tó bá ń fi kílò oúnjẹ kan àtààbọ̀ kó kílò edé kan ń ṣe dáadáa. Ẹni tó ń lo kílò méjì àtààbọ̀, ìsàlẹ̀ omi ni owó ẹ̀ wà.

Ọ́síjìn ńkọ́? Ìdájí ló máa ń kéré jù, torí àwọn ewé tíntìntín tó ń pèsè ẹ̀ lọ́sàn-án ń bá edé lò ó lóru, nítorí náà ẹni tó bá wọn omi lọ́sàn-án gangan nìkan, á rò pé kò séwu. Kílẹ̀ tó mọ́ ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, kó má sì wá sílẹ̀ ju mílígíráàmù 4 nínú lítà kan.

Bí edé bá ṣe há mọ́ra tó ni àrùn á ṣe yá sí. Àrùn white spot, ìyẹn àrùn àmì funfun, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jà ní Éṣíà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 lè pa pọ́ńdù kan tán láàárín ọjọ́ 3 sí 10, fáírọ́ọ̀sì sì ni, áńtíbáyótíìkì ò ràn án, tẹ́ ẹ bá lò ó àwọn tó ń rajà lókè òkun á dá edé yín padà. Àrùn míì tí kòkòrò tíntìntín kan tí wọ́n ń pè ní EHP ń fà tiẹ̀ burú lọ́nà tiẹ̀, kì í sáàbà pa edé, àmọ́ kò ní jẹ́ kó dàgbà, oúnjẹ á sì máa lọ. Ọmọ edé tí wọ́n ti yẹ̀ wò ní lábù ni kẹ́ ẹ rà, bó tiẹ̀ wọ́n.

Ẹ wo orílẹ̀-èdè Ecuador ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ àwọn pọ́ńdù wọn ò há rárá, síbẹ̀ wọ́n kó edé tó lé ní mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan ránṣẹ́ sókè òkun lọ́dún 2022. Ọ̀pọ̀ olósìn ibẹ̀ ń lo ẹ̀rọ tó ń tẹ́tí sí ìró ẹnu edé kó tó da oúnjẹ sílẹ̀!

Ẹ dákun, ẹ má gé igi mangrove, igi tó ń hù nínú ẹrẹ̀ etí òkun, torí pọ́ńdù o. Imí ọjọ́ pọ̀ nínú ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀, tí wọ́n bá hú u tí afẹ́fẹ́ kàn án á di ásíìdì, omi á kan, edé ò sì ní dàgbà, bẹ́ẹ̀ làwọn kan ṣe pa pọ́ńdù tì lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ kọ̀wé nípa olósìn edé kan, ẹ bi í pé kílò oúnjẹ mélòó ló fi kó kílò edé kan, kẹ́ ẹ sì tẹ ìdáhùn ẹ̀ jáde pẹ̀lú iye edé tó kó sómi.