Àyẹ̀wò Àgbàlagbà Tí Eegun Ìbàdí Rẹ̀ Kán

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí àyẹ̀wò tí a ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà tí eegun ìbàdí wọn kán, kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù eegun mọ aláìsàn tí mò ń wí: ìyá arúgbó tó yọ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà sì kọjú síta.

A máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá àti ṣúgà wò, a sì máa ń ya fọ́tò eegun. Ó dára, ṣùgbọ́n kò tó. Kí ló gbé ìyá ṣubú? Bó bá jẹ́ pé òòyì ló kọ́ ọ, tàbí pé ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, a jẹ́ pé eegun nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Oògùn wo ló ń lò? Kí wọ́n béèrè ti àgbo pẹ̀lú, kí wọ́n sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè, nítorí ìyá tó bá rí i pé nọ́ọ̀sì fajú ro yóò ní òun kò mu nǹkan kan. Ṣé ó ń dá rìn lọ sọ́jà tẹ́lẹ̀, àbí ńṣe ni wọ́n ń fà á dìde lórí àga?

Èyí tí a ń fojú fò jù lọ ni bí orí aláìsàn ṣe pé tó. Kò gba àkókò láti bi ìyá léèrè ibi tó wà àti ọjọ́ tí a wà, kí a sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú fáìlì. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá òkú sọ̀rọ̀ lóru, tó ń fa okùn omi tí wọ́n fi sí i lára yọ, àwọn ọmọ á ní iṣẹ́ ayé ni, wọ́n á fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Bẹ́ẹ̀, irú ìdàrúdàpọ̀ yìí wọ́pọ̀ lára àwọn aláìsàn wọ̀nyí. Ìrora, àìtó omi lára, ìgbẹ́ tí kò yà, oògùn tàbí àrùn inú àyà lè fà á, ó sì ní ìtọ́jú. Dókítà tí kò mọ bí ìyá ṣe wà tẹ́lẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá nǹkan tuntun ló dé.

N kò ní kí wọ́n tìtorí àyẹ̀wò dá iṣẹ́ abẹ dúró o. Ìlànà tí NICE, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ìtọ́jú aláìsàn nílùú ọba, gbé jáde ní ọdún 2011 ní kí wọ́n ṣe é lọ́jọ́ tí aláìsàn dé tàbí lọ́jọ́ kejì rẹ̀, kí wọ́n sì tètè wá nǹkan ṣe sí àìtó ẹ̀jẹ̀, ṣúgà tó ga àti àrùn inú àyà, kí wọ́n má baà di ìdíwọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ ló ti pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun kí wọ́n tó gbé wọn wá, owó àsansílẹ̀ á sì tún dá wọn dúró.

Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ti ní ibùdó ìtọ́jú àgbàlagbà láti ọdún 2012. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí dókítà tó mọ̀ nípa ìtọ́jú àgbàlagbà máa rí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá dé, kì í ṣe ìgbà tí nǹkan bá ti yíwọ́. Níbi tí kò bá ti sí irú dókítà bẹ́ẹ̀, kí nọ́ọ̀sì tó gba aláìsàn sílé kọ ìdáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí sójú ewé kan, kí ó fi síwájú fáìlì, kí dókítà akunnilóorun lè rí i.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.