Ìfura Àwọn Èèyàn sí Google Kò Ṣàdédé Wáyé

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, pé aláìmoore ni ẹnikẹ́ni tó bá ń bu ẹnu àtẹ́ lu Google. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni iléeṣẹ́ náà ń fún wa ní gbogbo nǹkan, àti pé ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó gba ibòmíràn lọ. Mo fẹ́ fèsì, nítorí mi ò gbà pé àìmoore ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Aráyé fẹ́ràn Google tọkàntọkàn nígbà kan, ìdí sì wà tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀. Ìdí tí ọkàn wọn fi ń kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ náà wà.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ dáadáa tí wọ́n ṣe. Kí Larry Page àti Sergey Brin tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1998, wíwá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń tánni ní sùúrù. Ẹ ó tẹ ọ̀rọ̀ kan, ojú òpó tí ẹni tó ni ín ti to ọ̀rọ̀ kan náà jọ sínú rẹ̀ láìmọye ìgbà ni yóò kọ́kọ́ yọjú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Stanford méjì yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka líǹkì bí ẹni ka ìbò: bí ojú òpó púpọ̀ bá ń tọ́ka sí ibì kan, tí àwọn tó ń tọ́ka sí i náà sì níyì lójú àwọn mìíràn, a jẹ́ pé ohun gidi wà níbẹ̀ nìyẹn. Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́. Ojú ìwé wọn funfun báláú, àpótí kan ṣoṣo ló wà láàárín rẹ̀, ohun tí èèyàn ń wá sì máa ń wà lókè.

Nígbà tí wọ́n gbé Gmail jáde ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹrin ọdún 2004, gígábáìtì kan odidi, ìyẹn nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́gábáìtì, ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti fi kó lẹ́tà pamọ́, nígbà tí àwọn tó gbajúmọ̀ nígbà náà ń fúnni ní mẹ́gábáìtì méjì tàbí mẹ́rin. Àwọn kan rò pé àwàdà ni, nítorí ọjọ́ tí àwọn èèyàn máa ń fi irọ́ dápàárá ni ọjọ́ náà. Ṣe ni èèyàn ń bẹ ọ̀rẹ́ kó bá òun wá ọ̀nà wọlé. Ta ni yóò gba irú oore bẹ́ẹ̀ tí inú rẹ̀ kò ní dùn?

Àmọ́ lọ́dún 1998 yẹn kan náà, Page àti Brin kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí wọn pé ẹ̀rọ ìṣàwárí tó bá ń rí owó rẹ̀ láti inú ìpolówó ọjà yóò máa gbè sẹ́yìn àwọn tó ń polówó, yóò sì pa àǹfààní ẹni tó ń wá nǹkan tì. Ní ọdún 2000, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpolówó pẹ̀lú ètò tí wọ́n pè ní AdWords. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí àwọn tó ń pè wá ní aláìmoore máa ń ṣe bíi pé àwọn ọ̀tá iléeṣẹ́ náà ló jókòó hùmọ̀ ẹ̀sùn yìí. Ẹnu onílé gan-an la ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹ sì lè fojú ara yín rí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, inú àpótí tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ ni ìpolówó máa ń wà lórí ojú ìwé èsì, èèyàn á rí i lẹ́ẹ̀kan náà pé owó ló gbé e síbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọ̀ ẹ̀yìn náà lọ, ó ku àmì yẹ́lò kékeré kan. Lọ́dún 2016, àmì náà di àwọ̀ ewé, àwọ̀ kan náà tí wọ́n fi ń kọ àdírẹ́sì gbogbo èsì yòókù. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, wọ́n sọ ọ́ di dúdú lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fi àwòrán kékeré ti àwọn èsì tí kì í ṣe ìpolówó, débi pé ojú ẹni tó ń kánjú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Ariwo ta, iléeṣẹ́ náà sì ní àwọn yóò tún un wò. Àwọ̀ kan ń parẹ́, òmíràn ń rọ́pò rẹ̀, ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ sì ń darí sí: kí ọwọ́ èèyàn lè tẹ ìpolówó kó tó mọ̀ pé ìpolówó ni. Bí wọ́n bá ń ro ti ẹni tó ń wá nǹkan, ṣe ni wọn ìbá jẹ́ kí ìyàtọ̀ náà máa hàn sí i.

Àwọn mìíràn bínú nítorí àwọn iṣẹ́ tí wọ́n gbára lé tí iléeṣẹ́ náà dédé tì pa. Google Reader, tí a fi ń ka ìròyìn láti ojú òpó púpọ̀ níbì kan ṣoṣo, lọ ní oṣù Keje ọdún 2013, Google+, ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ wọn, tẹ̀ lé e lọ́dún 2019. Ti àwọn mìíràn ni ọ̀rọ̀ àṣírí: lọ́dún 2010 ni Google jẹ́wọ́ pé àwọn ọkọ̀ tó ń ya àwòrán òpópónà fún Street View ti ń gba ọ̀rọ̀ tó ń kọjá lórí Wi-Fi inú ilé àwọn èèyàn, tí kò bá ti ní ìdáàbòbò. Ìgbà tó di ọdún 2017 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé àwọn kò ní máa yẹ inú lẹ́tà Gmail wò mọ́ láti fi yan ìpolówó. Mi ò fojú kéré èyíkéyìí nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù ni ti "ẹ gba ibòmíràn lọ" yẹn. Ó pẹ́ tí iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti ń sọ ọ́, pé ẹni tó bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ìjọba Amẹ́ríkà pè é lẹ́jọ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ohun tí ẹjọ́ náà sì tú síta yẹ kó ká wọn lẹ́nu kò. Lọ́dún 2021 nìkan, bílíọ̀nù 26.3 dọ́là ni Google san fún àwọn tó ń ṣe fóònù, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì àti àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù, kí ẹ̀rọ ìṣàwárí tirẹ̀ lè jẹ́ èyí tí a máa bá níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ tan fóònù. Ní ọdún 2022, nǹkan bí ogún bílíọ̀nù dọ́là ló lọ sọ́dọ̀ Apple nìkan. Bí títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan bá tó láti kúrò, kí ni wọ́n ń san gbogbo owó yìí fún? Wọ́n mọ̀ dájú pé ohun tí èèyàn bá bá lórí fóònù tuntun, òun ni yóò máa lò títí fóònù náà yóò fi gbó.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹjọ ọdún 2024, Adájọ́ Amit Mehta dá a ní Washington pé Google ti rú òfin láti lè dá nìkan jẹ gàba lórí ọjà ìṣàwárí. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn olùgbèjà iléeṣẹ́ náà fiyè sí ni pé adájọ́ yìí kan náà yìn ín, ó ní ẹ̀rọ ìṣàwárí wọn ló dára jù. A lè ṣe ohun tó dára kí a sì tún fi owó dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe èyí tó sàn jù ú lọ. Nígbà tí àtúnṣe tí ilé ẹjọ́ pàṣẹ jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, wọ́n fòfin de àdéhùn tó ń ti àwọn ẹlòmíràn síta, wọ́n sì ní kí Google fún àwọn tó ń bá a díje ní apá kan nínú dátà rẹ̀. Ṣùgbọ́n Google ṣì lè máa sanwó kí wọ́n gbé tirẹ̀ sórí fóònù. Lójú tèmi, ìyẹn kéré jọjọ.

Olóòtú, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Adájọ́ Leonie Brinkema ní Virginia dájọ́ pé iléeṣẹ́ yìí tún fi ọ̀nà tí òfin kò gbà jẹ gàba lórí ẹ̀rọ tí àwọn olùtẹ̀wé fi ń ta àyè ìpolówó, àti lórí ọjà tí wọ́n ti ń nájà àyè náà. Òun ni alágbàtà ẹni tó ń tà, òun ni alágbàtà ẹni tó ń rà, òun náà ló ni ìsọ̀. Lórí ìyẹn, láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni Google ti ń fi AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá) to ìdáhùn jọ sókè ojú ìwé èsì fún aráàlú ní Amẹ́ríkà kó tó tàn dé ibòmíràn, ìdáhùn tí wọ́n fà yọ láti inú iṣẹ́ àwọn oníròyìn àti àwọn tó mọ nǹkan, tí òǹkàwé sì lè kà tán kó má dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ ọ́ rárá. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ó gba èèyàn nímọ̀ràn pé kó fi gọ́ọ̀mù sínú ọbẹ̀ píṣà kí wàràkàṣì má bàa yọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Àwàdà tí ẹnì kan kọ sórí Reddit, ojú òpó tí àwọn èèyàn ti ń fọ̀rọ̀ wérọ̀, ló kà sí òótọ́. Iléeṣẹ́ tó kọ́ wa pé èsì àkọ́kọ́ ló ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jù ló gbé irú èyí sókè pátápátá.

Mo ṣì ń lo máàpù wọn, mo sì ń wo YouTube. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ju fóònù rẹ̀ nù. Ohun méjì ni mo ń bẹ̀ yín fún. Èkíní, ẹ fi ojú ìwé kan ṣàlàyé fún àwọn òǹkàwé yín bí wọ́n ṣe lè wọ inú sẹ́tíǹgì fóònù wọn kí wọ́n sì yan ẹ̀rọ ìṣàwárí mìíràn, DuckDuckGo ni o, Bing ni o, kí wọ́n lò ó fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó pinnu. Èkejì, ẹ sọ fún wa nínú ìwé ìròyìn yín iye nínú owó ìpolówó yín tó ń gba ọwọ́ Google kọjá, àti iye tó ń dá dúró sọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀yin lẹ ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, àwa òǹkàwé kò sì lè rí i níbòmíràn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín