Báírò pupa yín ti dé Leeds

Bàbá mi,

Ẹ kú àtijọ́, sà. Ẹsẹ̀ Màámi ń kọ́? Inú mi dùn pé owó òrùlé ti tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún káfíńtà pé kó má fi páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kàn án o. Ojú wa rí nǹkan lójò èṣí.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà Àjọkẹ́ ló gbé mi jókòó kọ̀wé lálẹ́ yìí. Bàbá, ọmọ ọdún mẹ́fà kọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kí bàbá rẹ̀ àgbà, ẹ wá fi báírò pupa fa róńdò yí ọ̀rọ̀ mọ́kànlá ká, ẹ kọ "kù díẹ̀ káàtó" sí ìsàlẹ̀, ẹ sì fún ẹni tó ń bọ̀ ní Leeds kó bá yín dá a padà! Èmi àti bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Àjọkẹ́ ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó bi mí pé kí ló burú nínú "sed". Mo ní "said" ni wọ́n ń kọ. Ó ní ṣé bí òun ṣe ń pe "paid" ni kí òun máa pè é báyìí. Mo ní kó lọ fọ ẹnu rẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú.

Oṣù kẹfà ni wọ́n máa ń dán àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wò ní kíkà. Ọ̀rọ̀ 40 ni wọ́n ń kà, 20 nínú wọn ò sì sí láyé: wọ́n kàn to lẹ́tà pọ̀ ni, wọ́n ya iwin sí ẹ̀gbẹ́ẹ̀ rẹ̀ kí ọmọ má baà máa wá ìtumọ̀. A ń fi irú rẹ̀ ṣeré nílé, "vap" àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣì í. Ọ̀rọ̀ tí kò sí láyé, ó ń kà á bí omi. "Said" tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ ló ń bá a jà.

Ẹ jẹ́ kí n gbè é lẹ́yìn díẹ̀. Àwọn tó kọ èdè yìí sílẹ̀ níjọ́ sí, ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni wọ́n kọ. Wọ́n ń pe "k" tó ṣáájú "knife" nígbà náà, wọ́n sì ń pe "gh" inú "night" láti ọ̀fun. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Caxton, ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀wé ní England, dé Westminster ní 1476, ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lójú kan, ẹnu ń bá ìrìn tiẹ̀ lọ. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni "b" inú "debt". Ọ̀rọ̀ yẹn ò ní "b" nígbà tó wọlé láti èdè Faransé. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló lọ kó o wá láti inú Látìn, kí wọ́n lè mọ̀ pé wọ́n kàwé. Ẹ nà mí ní ẹgba mẹ́rin nítorí "b" yẹn ní kíláàsì kẹrin. Mi ò tíì gbàgbé.

Àwọn tó ju Àjọkẹ́ lọ sì ti kọ irú ohun tó kọ. Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà, pàṣẹ ní 1906 pé kí ilé ìtẹ̀wé ìjọba máa lo ọ̀rọ̀ 300 tí ìgbìmọ̀ kan tún kọ, owó Andrew Carnegie, ọlọ́rọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ni ìgbìmọ̀ náà sì ń ná. "Thru" àti "tho" wà níbẹ̀. Àwọn oníwèé ìròyìn fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn aṣòfin kọ̀ jálẹ̀, ọdún náà ò tíì parí tó fi kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ní ìlú ọba níbí náà, wọ́n gbé àbá pé kí wọ́n tún bí a ṣe ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe dé ilé aṣòfin ní 1949. Ìbò 87 tó kọ̀ ọ́ ló borí 84 tó fẹ́ ẹ. Ẹni mẹ́ta péré, Bàbá!

Wọ́n tún gbé e dé ní 1953, ìyẹn náà ò di òfin, àmọ́ ìjọba gbà kí wọ́n dán nǹkan mìíràn wò. Ibẹ̀ ni James Pitman ti yọjú. Ṣọ́tíháǹdì Pitman, ọ̀nà ìkọ̀wé kíákíá tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́, bàbá bàbá rẹ̀ ló ṣe é. Ní 1961 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi álífábẹ́ẹ̀tì tuntun rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, lẹ́tà tó lé ní ogójì. Ìyá òyìnbó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìdáná wà lára àwọn tó fi kọ́ ìwé. Ó fi ìka kọ ọ̀kan hàn mí nínú fúláwà lórí tábìlì: "a" àti "e" fara lẹ́ra bí ìbejì. Ó ní ìwé kíkà dùn mọ́ òun nígbà yẹn. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méje, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, kó gbàgbé ìyẹn, kó máa kọ tàwọn àgbà. Ó ti sún mọ́ ìfẹ̀yìntì báyìí, bó bá sì fẹ́ kọ "biscuit" sára ike, fóònù ló kọ́kọ́ ń wò.

Tẹ́lẹ̀, èmi náà fẹ́ kí wọ́n tún un kọ. Leeds ló yí mi lọ́kàn padà. Wọ́n ní ká kọ ọ́ bí a ṣe ń pè é. Bí ta ni ṣe ń pè é? "Búùs" ni awakọ̀ tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ ń pe bọ́ọ̀sì, "bọ́s" ni ti àwọn ará London, Àjọkẹ́ ń pe méjèèjì, ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ṣebí "ulé" ni Màámi ń pe ilé láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ wọn wá láti Iléṣà, "ilé" náà ni wọ́n sì ń kọ.

Ó ku nǹkan kan, ẹ má bínú sí mi. Lẹ́tà tí ẹ fi ti tiẹ̀ lẹ́yìn, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Aiye" wà níbẹ̀, "enia" wà níbẹ̀, "nwọn" wà níbẹ̀ nígbà márùn-ún. Láti 1974 ni ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ Yorùbá tuntun. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní "ayé" àti "ènìyàn" ní kíláàsì, tí ẹ bá délé ẹ ó tún máa kọ "aiye". Mo bi yín nígbà kan, ẹ ní bó ṣe wà nínú Bíbélì yín nìyẹn.

Mo fi han Àjọkẹ́. Ó ní kí n fún òun ní báírò pupa. Mi ò tíì fún un.

Ẹ bá mi kí Màámi, sà.

Ọmọ yín,
Àdùkẹ́