Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ fẹ́ fẹsẹ̀ rìn láti Ọ̀yọ́ lọ sí Awẹ́ àti Ìlọrà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ń palẹ̀ mọ́ láti fẹsẹ̀ rìn lọ sí Awẹ́, kẹ́ ẹ wá tibẹ̀ gba inú oko já sí Ìlọrà, inú mi dùn débi pé mi ò lè dákẹ́. Ọ̀pọ̀ yín, orí ọ̀kadà lẹ ti mọ Awẹ́ látìgbà tẹ́ ẹ ti dáyé, ẹ mọ gáréèjì, ẹ mọ Owódé, ṣùgbọ́n àárín ìlú kan sí èkejì ò yé yín rárá, bẹ́ẹ̀ sì rèé ibẹ̀ loko àwọn baba yín wà.

Ẹsẹ̀ ló kó wa dé ibi tá a wà yìí o. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, tí Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tiwa yìí dó ní Àgọ́ Ọjà láàrin 1830 sí 1840, ẹsẹ̀ làwọn èèyàn fi rìn wá, tọmọ tẹrù. Réluwè dé Ìbàdàn ní 1901, nígbà tó tún máa tẹ̀síwájú ó gba Ọ̀ṣogbo àti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin, kò yà sí Ọ̀yọ́, kò yà sí Ògbómọ̀ṣọ́, orí làwọn ìyá wa fi ń ru èlùbọ́, irú àti iṣu wá sí ọjà Akẹ̀sán. Láti ibí dé Ògbómọ̀ṣọ́ tó nǹkan bí 50 kìlómítà, ẹlẹ́rù á sùn lọ́nà ni. Awẹ́ ò jìnnà ní tiẹ̀, tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn lẹ máa rìn ín.

Ọ̀rọ̀ fóònù gan-an ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ pé Google Map lẹ máa tẹ̀ lé. Ẹ jọ̀ọ́, títì nìyẹn mọ̀, ipa ẹsẹ̀ kì í jókòó síbì kan, àgbẹ̀ kan lè kọ ebè gba orí ẹ̀ lọ́dún yìí kí àwọn èèyàn wá máa gba ẹ̀gbẹ́ kejì, igi lè wó dí i, àgbàrá lè jẹ ẹ́, ẹni tó gbabẹ̀ lọ sóko láàárọ̀ nìkan ló lè sọ bó ṣe rí. Abéèrè ò ṣìnà. Ẹ bi wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ kí wọn kẹ́ ẹ tó bi wọ́n. Ẹni tó ń roko lọ́wọ́, "àroko bọ́dún dé o" la fi ń kí i, á sì dá yín lóhùn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, òmíì nínú wọn á sọ ọkọ́ kalẹ̀, á sìn yín dé oríta. Ẹni tó rẹrù ń bọ̀, ẹ yà fún un, òun ló lọ̀nà.

Ìkíni yẹn tún ń dáàbò bò yín o. Látìgbà tí ọ̀rọ̀ ajínigbé ti dé, ẹ̀rù àjèjì ń ba ará oko, àjèjì náà sì ń bẹ̀rù wọn. Àwọn ọmọ márùn-ún tí wọ́n dijú mọ́ fóònù tí wọ́n ń ya fídíò nínú oko olóko láìkí ẹnikẹ́ni, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n rò? Torí náà ẹ má dá lọ, ẹ mú ẹni tó mọ ibẹ̀, ẹ sọ fún àwọn ará ilé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ àti aago tẹ́ ẹ máa dé, ẹ sì bi àwọn ọdẹ tàbí àwọn Àmọ̀tẹ́kùn bóyá ọ̀nà náà dáa lásìkò yẹn. Tí wọ́n bá ní ẹ má lọ, ẹ má lọ.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá dé oríta tẹ́ ẹ rí ewé tútù tí wọ́n já dí ẹnu ọ̀nà kan, ẹni tó ṣáájú ló ń sọ fáwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé òun ò gbabẹ̀ o, kí wọ́n gba ìkejì. Tẹ́ ẹ bá rí àkísà, ìkarawun ìgbín tàbí ṣùkù àgbàdo tí wọ́n so rọ̀ lára igi tàbí lẹ́bàá oko, ààlè nìyẹn, ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan tó wà níbẹ̀, ì báà jẹ́ mángòrò tó já sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Màrìwò tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Ẹ padà. Ẹ má yọ fóònù, ẹ má sọ pé ẹ̀sìn yín ò gba irú ẹ̀, ibi tí wọ́n ń ṣorò nìyẹn, ẹ bèèrè ọ̀nà míì.

Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ àti ṣòkòtò gígùn, sílípáàsì ò ṣeé wọ wọgbó. Lásìkò òjò koríko á ga ju yín lọ, yèrèpè àti èsìsì á wà níbẹ̀, ìjàlọ náà lè máa kọjá lójú ọ̀nà, ẹ fò wọ́n, ẹ má dúró wò wọ́n. Ẹ mú ọ̀pá dání kẹ́ ẹ máa fi na koríko níwájú. Tí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ (kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i), ẹ má fi abẹ ya ojú ibẹ̀, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má fi okùn dì í pinpin, ẹ ní kó jókòó jẹ́ẹ́, kó má fẹsẹ̀ yẹn rìn, ẹ gbé e títí dé ibi tẹ́ ẹ ti máa rí ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà tó máa gbé e lọ sọ́síbítù. Odò tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, tí omi ẹ̀ pọ́n tó ń sáré, kódà tó bá mọ lórúnkún ẹ má wọ̀ ọ́, ẹ jókòó dè é kó fà.

Ó ku ohun kan tó ń dùn mí. Ewé kan wà tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá tí àwọn míì ń pè ní Awólọ́wọ̀, àwọn àgbẹ̀ máa ń fún un sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, ṣùgbọ́n òun náà ló máa ń sáré bo ọ̀nà tí wọn ò rìn mọ́. Ó ti ń bo tiwa. Láyé ìgbà tí ọ̀kadà ò tíì dé, àwọn ọ̀dọ́ ìlú kọ̀ọ̀kan ló máa ń yẹ ọ̀nà títí dé ààlà wọn, ara ọjọ́ náà a máa dá ṣáṣá, oúnjẹ a sì pọ̀. Torí náà ẹ mú àdá méjì mẹ́ta dání, ibi tó bá ti dí ẹ gé e, kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gẹ́ àti iṣu onílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti mú ọjọ́, ẹ sọ fún mi, màá bá yín wá ọdẹ kan tó mọ inú ibẹ̀ dáadáa, aago mẹ́fà àárọ̀ lẹ máa kúrò nílé kóòrùn tó mú, mo sì fẹ́ gbọ́ yín lórí fóònù tẹ́ ẹ bá ti dé Ìlọrà.